Bí Ọ̀gá Mopàṣẹ Ṣe Sún Ìgbà Ìbí Ológbò Igbó Síwájú

Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó yáa lọ mu omi rẹ̀ báyìí, nítorí tí ìtàn Ọ̀gá Mopàṣẹ bá ti gbéra, ẹni tó bá ní omi lẹ́nu yóò tú u sí ara ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ni.

Òun ni olórí Ilé-Iṣẹ́ Igbó. Mopàṣẹ kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ló fún un, nítorí gbólóhùn kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde kó má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo pàṣẹ.” Mo pàṣẹ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Mo pàṣẹ pé ẹ káàárọ̀. Nílé pàápàá, tí ọbẹ̀ bá gbóná jù, á gbé ìka sókè, á ní, “Mo pàṣẹ kí ọbẹ̀ yìí tutù!” Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í bẹ̀rù rẹ̀. Obìnrin náà á ní, “Baba àwọn ọmọ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i.”

Níbi iṣẹ́, ta ló tó sọ irú ìyẹn? Tí mọ́tò Ọ̀gá bá wọ ọgbà, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dìde kí wọ́n tẹrí ba. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, dírẹ́bà máa ń gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òun nìkan, àga ẹ̀yìn ṣófo. Síbẹ̀ wọ́n á dìde, wọ́n á tẹrí ba fún àga ẹ̀yìn. Akọ̀wé, ẹni tí kò sí apọ́nni tó lè bá a figagbága, á tún sún mọ́ fèrèsé mọ́tò, á béèrè lọ́wọ́ àga náà bóyá ó sùn dáadáa.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń pẹ́ kó tó dìde. Á ní orúnkún ń dun òun, títí mọ́tò á fi kọjá. Ìyá Alámì ni wọ́n ń pè é. Orúnkún náà kì í dùn ún nínú igbó o. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń rin igbó ìjọba pẹ̀lú garawa ọ̀dà méjì àti búrọ́ọ̀ṣì méjì. Igi tó bá fa ìlà pupa sí lára, àwọn agégi lè gé e. Ṣùgbọ́n tí ológbò igbó bá bímọ sínú ihò igi kan, ọ̀dà funfun ni Ìyá Alámì á fi yí ìdí rẹ̀ ká. Á fún un ní nọ́ńbà, á kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀dà ìwé náà á sì lọ sí ilé ẹjọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ ìgégi kò gbọdọ̀ dún ní igba ìṣísẹ̀ sí igi náà títí àwọn ọmọ á fi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Ẹni tó bá fi irin kan igi funfun, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Agégi kan wí níjọ́sí pé òjò ni kò jẹ́ kí òun rí i. Ó jókòó oṣù mẹ́fà náà pé, òjò sì dá lóṣù kìn-ín-ní. Ọ̀dà yẹn kò sì ṣeé ha dànù. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kùn ún ló gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ wo igi náà, kó kọ ọ́ pé kò sí ọmọ níbẹ̀ mọ́.

Ológbò igbó kì í ṣe ológbò ilé tó sá lọ. Ó ga jù ú lọ, àmì dúdú kún ara rẹ̀, ìrù rẹ̀ nípọn bí ọwọ́ ọmọdé, kì í sì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Lọ́dún tí Ìyá Alámì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, igi mọ́kànlá ló kùn ní funfun. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rin. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó rin igbó náà já lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí ẹyọ kan ṣoṣo: igi ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù, ìyá kan nínú ihò rẹ̀, ọmọ mẹ́ta tí ojú wọn kò tíì là. Ó kùn ún, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá jókòó lórí garawa rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ariwo bá lé ìyá yẹn kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sí òmíràn mọ́ tí yóò bímọ fún igbó náà.

Ṣé ẹ rí i, igi kan péré yìí ni kò jẹ́ kí Oníplánkì sùn. Oníplánkì ló gba àṣẹ láti gé igbó náà. Ó fẹ́ kó gbogbo igi rẹ̀ jáde kí òjò tó sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, igba ìṣísẹ̀ tí òfin wí sì gba orí ọ̀nà náà kọjá. Ó sáré lọ bá Ọ̀gá Mopàṣẹ. Ó pọ́n ọn lé títí, ó ní nínú gbogbo àwọn olórí tí òun ti rí, kò sí èyí tí ọrùn rẹ̀ nípọn tó báyìí. Ọ̀gá fọwọ́ pa ọrùn. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ìpàdé.

“Mo pàṣẹ kí ẹ dákẹ́!” ni Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. “Mo ti ronú. Ẹ má fòyà, ó ti tán, mi ò ní ronú mọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ló ń dá iṣẹ́ dúró? Ìgbà ìbí àwọn ológbò. Ta ló fi ìgbà náà síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀. Nítorí náà, mo pàṣẹ pé láti òní lọ, ìgbà ìbí àwọn ológbò igbó ti sún síwájú ní oṣù mẹ́ta. Kí ológbò kankan má ṣe bímọ títí Oníplánkì yóò fi parí iṣẹ́!”

Akọ̀wé fò sókè, ó pàtẹ́wọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. “Ọ̀gá! Òye yìí pọ̀ jù fún orí kan!”

“Orí mi tóbi,” ni Ọ̀gá wí, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀.

Ìyá Alámì nawọ́. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá ológbò náà ti bí. Mẹ́ta ni.”

“Ta ló fún un láṣẹ?”

“Wọn kì í gbàṣẹ, sà.”

“Ohun tó bà wọ́n jẹ́ nìyẹn! Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀: ìwà àìgbọràn. Mo pàṣẹ kí ó dá àwọn ọmọ náà padà sí ibi tí wọ́n ti jáde.”

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ta ni yóò wá sọ fún un, sà?” ni Ìyá Alámì béèrè.

“Ìwọ obìnrin yìí, ìbéèrè rẹ pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi!”

“Níbi tó ga tó ibo, sà?” ni Akọ̀wé bi í.

Ọ̀gá ronú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní òun ò ní ronú mọ́. “Ibi tí ojú ológbò bá tó.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ ogójì ìwé mọ́ ara igi nínú igbó náà, gbogbo rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ orúnkún, tí Akọ̀wé fi dọ̀bálẹ̀ lórí ewé kó tó lè mọ̀ bóyá wọ́n tọ́. “Sí Gbogbo Ológbò Igbó Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Kàn” ni àkọlé rẹ̀. Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ igi funfun náà gan-an. Ìyá Alámì dúró lókèèrè, ó ń wo ìyá ológbò náà bó ṣe jáde wá. Ó gbóòórùn ìwé náà. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún. Ó wá yí ìdí sí i, ó gbé ìrù, ó tọ̀ sí i. Akọ̀wé tí ó fara pa mọ́ sẹ́yìn igbó kékeré kan sáré padà sí ọ́fíìsì.

“Ó ti kà á, sà,” ló wí. “Ó sì ti fọwọ́ sí i.”

Tí ẹ bá rò pé ibi tí òmùgọ̀ ń parí sí nìyí, ẹ kò tíì bá a ṣiṣẹ́.

Ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá wo bí wọn yóò ṣe gé igi àkọ́kọ́. Ara Ọ̀gá kò balẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé pèpéle pákó kalẹ̀ sí ẹnu igbó, ó gùn ún, ó wò yíká, ó sì fajú ro.

“Igbó yìí dọ̀tí. Ẹ wò ó bí igi ṣe dúdú. Ní ọgbà ọ́fíìsì, ṣé a kì í kun ìdí igi àti òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ní funfun tí ẹni ńlá bá ń bọ̀? Mo pàṣẹ kí wọ́n kun ìdí gbogbo igi tí Mínísítà bá lè rí láti orí pèpéle yìí!”

“Ojú Mínísítà á ríran dé ibo, sà?” ni Akọ̀wé bi í.

“Ibi tí tèmi bá ríran dé.”

“Tiyín wá dé ibo, sà?”

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú Ọ̀gá Mopàṣẹ kò ríran kọjá igi karùn-ún. Lẹ́yìn igi karùn-ún, gbogbo ayé di kùrukùru. Dókítà ti ní kó lo gíláàsì, ó ní gíláàsì kò yẹ ẹni tó ń pàṣẹ. Ó na ìka sínú kùrukùru náà. “Mo rí i títí dé òpin!”

“Títí dé odò, sà?” Odò náà wà ní ìrìn wákàtí kan.

“Mo rí ẹja inú rẹ̀.”

Ìyá Alámì ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, pẹ̀lú ọgbọ̀n lébìrà àti ọ̀dà ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Ó gbé ìwé rẹ̀ dání, ó lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Nítorí Ọlọ́run, ó sọ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn pé kò sọ.

“Ọ̀gá, ọ̀dà funfun ni ẹ wí, sà?”

“Ṣé o ò mọ funfun ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Òfin wí pé igi tí a bá kùn ní funfun—”

“Ìwọ ni yóò kọ́ mi lófin? Èmi ni òfin! Funfun!”

“Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí, sà, pé funfun yìí—”

“Tí o bá tún pe funfun lẹ́ẹ̀kan sí i, màá lé ọ lọ sí ibi tó jẹ́ pé dúdú nìkan ni wàá máa rí!”

Inú ti ń bí Ìyá Alámì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ara rẹ̀ ṣàdédé fúyẹ́. Ó rí i bí ẹni rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìwé náà, ó gbé e síwájú Ọ̀gá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ìlà kan fún igi kan.”

Kò sí ohun tí Ọ̀gá fẹ́ràn bíi kó máa fọwọ́ síwèé. Ìbuwọ́lù rẹ̀ ní ìrù mẹ́ta àti adé lórí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn lébìrà fi kun igi. Ìyá Alámì dá agbègbè igi ìyá ológbò náà ṣe fúnra rẹ̀, láìsọ̀rọ̀, láìwúkọ́. Lójoojúmọ́ ló ń gbé ìwé wá, lójoojúmọ́ ni Ọ̀gá ń fọwọ́ sí i láìkà á, tí Akọ̀wé ń fẹ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀. Nígbà tó parí, igi ẹgbàá ó lé mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé, ẹ̀dà rẹ̀ sì ti dé ilé ẹjọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àbẹ̀wò, Ìyá Alámì yà sí ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni fóòmàn àwọn agégi Oníplánkì. Ó bá a tó jókòó ti ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ tó ti tú palẹ̀, ó ń fi àkísà nu irin kan ṣoṣo láti ọ̀sán.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àárọ̀ ọ̀la ni kí n bẹ̀rẹ̀,” ni Fóòmàn wí. “Tí mo bá gé igi funfun yẹn, ẹ̀wọ̀n. Tí n ò bá gé e, iṣẹ́ bọ́. Èwo ni kí n mú?”

“Tí wọ́n bá mú ọ lọ sẹ́wọ̀n, àbúrò mi á sinmi lọ́wọ́ ìhanrun rẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín!”

“Mo gbọ́, ọkọ àbúrò mi. O ti dé ẹnu igbó lọ́sẹ̀ yìí?”

“Rárá, ibi tí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ni mo wà.”

“Ó dáa. Tí o bá dé ibẹ̀ lọ́la, la ojú rẹ méjèèjì. Ohun tí o bá rí, sọ ọ́ bí o ṣe rí i. Kó o wá jẹun, ẹran yẹn ti ń tutù.”

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé. Obìnrin kúkúrú kan ni, bàtà há a lẹ́sẹ̀, ó sì ti sọ fún dírẹ́bà pé kó má paná mọ́tò. Ọ̀gá Mopàṣẹ gun pèpéle. Ọ̀rọ̀ tó sọ gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó kí Mínísítà, ó kí bàtà Mínísítà, ó kí oòrùn pé ó yọ lásìkò. Ó ní kí òun tó dé orí oyè, àwọn igi kì í dúró dáadáa, wọ́n kàn ń hù ṣáá ni. Akọ̀wé ń pàtẹ́wọ́ ní gbogbo ibi tí Ọ̀gá bá ti mí. Àwọn oníròyìn ń sinmi lé ara wọn.

“Mo pàṣẹ,” ni Ọ̀gá fi parí rẹ̀, “kí igi àkọ́kọ́ ṣubú!”

Fóòmàn gbé ẹ̀rọ ìgégi síwájú. Ó wo igi tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yí padà wo ẹ̀yìn. Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó sì fi ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn.

“Kí ló dé?” ni Ọ̀gá kígbe.

“Funfun ni, sà.”

“Mo mọ̀ pé funfun ni! Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún! Gé e!”

“Ẹ má bínú sí mi, sà, ẹ̀wọ̀n kò gbọ́ àlàyé.”

“Gé òmíràn!”

“Òmíràn náà funfun ni, sà. Gbogbo wọn ni. Títí dé odò.”

Oníplánkì fọwọ́ lérí. Mínísítà, tí oorun ti ń gbé lọ, la ojú. “Kí ni ọ̀rọ̀ funfun yìí?”

Ìyá Alámì bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé òfin náà láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀: igi funfun, ìyá ológbò, ọmọ, igba ìṣísẹ̀, oṣù mẹ́fà. Ó gbé ìwé náà lé Mínísítà lọ́wọ́.

Mínísítà ṣí i, ó tún ṣí i. “Igi ẹgbàá ó lé mẹ́rìnlá? Ìyá ológbò kọ̀ọ̀kan nínú igi kọ̀ọ̀kan? Wọ́n ní ẹranko yìí ti fẹ́ẹ́ tán pátápátá! Ọ̀gá, òótọ́ ni?”

Ẹ wá wo ọkùnrin kan láàárín kòtò méjì. Tó bá ní rárá, á jẹ́ pé ó fọwọ́ sí irọ́ ẹgbàá ó lé mẹ́rìnlá, ó sì rán an sí ilé ẹjọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á jẹ́ pé ibùsùn àwọn ọmọ ológbò ló fẹ́ gé lulẹ̀ lójú Mínísítà. Ẹlòmíì á wólẹ̀, á tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wo ojú àwọn oníròyìn tó ti jí, ó rí i pé wọ́n gbé kámẹ́rà sókè, orí rẹ̀ sì wú.

“Òótọ́ ni!” ló ké. “Lábẹ́ àṣẹ mi ni wọ́n ti bímọ! Èmi ni mo sọ wọ́n di ẹgbàá!”

“Ó lé mẹ́rìnlá,” ni Akọ̀wé fi kún un.

Mínísítà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá ibi tó dáa láti dúró sí fún fọ́tò, nígbà tí Oníplánkì bú jáde. “Irọ́ ni! Ọkùnrin yìí sọ fún mi pé kò sí ológbò kankan tó máa bímọ lásìkò yìí! Ó kọ ọ́ síwèé!” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya ìwé kan tó wà ní ìsàlẹ̀ orúnkún kúrò lára igi, ó gbé e fún Mínísítà. Ìwé náà ń rùn díẹ̀.

Mínísítà fi ìka méjì mú un jìnnà sí imú, ó kà á sókè. “Sí Gbogbo Ológbò Igbó Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Kàn.” Ó dúró. Ó wo Ọ̀gá. Ó tún kà á lọ. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí ìyá ológbò dá àwọn ọmọ padà sí ibi tí wọ́n ti jáde, ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn jókòó sílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ẹ̀rín náà mọ́.

“Fóòmàn,” ni Mínísítà wí, “ṣé wọ́n fún ìwọ náà ní irú ìwé yìí?”

“Rárá, ma. Àwọn ológbò ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Ní ìgbà tí à ń wí yìí, Akọ̀wé ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá. Wọ́n rí i lẹ́bàá mọ́tò Mínísítà, ó tẹrí ba sí fèrèsé, ó ń béèrè lọ́wọ́ àga ẹ̀yìn bóyá ìrìn-àjò dára.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Mínísítà ní òun kò ní dá òfin kankan tuntun sílẹ̀, èyí tó wà tó. Ẹni tó fọwọ́ sí ọ̀dà funfun ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wo igi náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹgbàá ó lé mẹ́rìnlá. Títí yóò fi parí rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó gbọdọ̀ dún. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ Ọ̀gá Mopàṣẹ, wọ́n gba ọ́fíìsì, wọ́n gba àga. Wọ́n fún un ní àkàbà kan àti pẹ́ńsù. Fìlà iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbàgbé láti gbà: fìlà líle, iwájú rẹ̀ ń dán, okùn awọ rẹ̀ so pinpin mọ́ àgbọ̀n. Kò sì bọ́ ọ rárá. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń fi í wẹ̀.

Ìyá Alámì ni wọ́n ní kó máa mú un kiri, Fóòmàn ni kó máa gbé àkàbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó na ìka sí àkàbà, ó pàṣẹ kó dúró ṣinṣin. Àkàbà ṣubú. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. “Ìyá Alámì,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú.” Láti ọjọ́ tó ti mọ obìnrin náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ̀rọ̀ sí i bí àgbàlagbà.

Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Tó bá dé ẹnu ihò kan, á kọ́kọ́ ké sínú rẹ̀: “Ẹ̀yin tó wà níhìn-ín, mo pàṣẹ kí ẹ fara hàn!” Ihò á dá ohùn rẹ̀ padà, á dùn mọ́ ọn. Ihò di Akọ̀wé rẹ̀ tuntun. Tí igi kò bá ní ihò, á kọ ọ́ pé, “Igi yìí kọ̀ láti dá mi lóhùn.”

Igi ìyá ológbò ni Ìyá Alámì fi sí ìkẹyìn. Kì í pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló máa ń yà lọ wò ó lókèèrè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó rí i nígbà tí àwọn ọmọ náà yọ orí. Ó rí i nígbà tí àkọ́kọ́ já bọ́ sílẹ̀, tó sì ṣe bí ẹni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ìyá ológbò náà ń rìn kiri ilẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Kì í ṣe mẹ́ta. Ìyá Alámì kò lè gun igi náà wò, kó má baà dẹ́rù bà wọ́n. Ó ń kà wọ́n, ó ń tún wọn kà, oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn, ìkùukùu òjò ti ṣú.

“Èyí kì í ṣe ti ariwo, sà,” ni Ìyá Alámì wí. “Ẹ má sọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ kàn wò ó. Ẹ bọ́ fìlà yẹn.”

“Fìlà kẹ̀? Ta ni wọ́n á mọ̀ mí sí?”

Ó gùn ún. Ihò náà há lẹ́nu, ó fẹ̀ nínú. Ó dorí kodò díẹ̀, ó ti orí bọ inú rẹ̀ tòun ti fìlà. Ó pẹ́. Ìyá Alámì di àkàbà mú.

“Kí lẹ rí, sà?”

Ohùn Ọ̀gá jáde bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò. “Ọ̀kan wà níbí. Kékeré. Ó ń wò mí.”

Ìyá Alámì fi iwájú orí sinmi lé àkàbà. “Ó wà láàyè?”

“Ó fi imú kan imú mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀.” Ara rẹ̀ mì, àkàbà mì. “Fìlà mi kọ́ ẹnu ihò. Ẹ yọ mí! Mo pàṣẹ—ó ti sá padà sẹ́yìn!”

“Ẹ dákẹ́!” ni Ìyá Alámì wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. “Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ló máa sá padà. Tí ẹ bá dákẹ́, á jáde.”

“Fóòmàn,” ni ẹni inú igi ń bẹ̀, “gbé ẹ̀rọ rẹ wá, la igi yìí.”

“Ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀, sà,” ni Fóòmàn dáhùn. “Ẹ̀yin náà lẹ sì fọwọ́ sí i.”

Báyìí ni Ọ̀gá Mopàṣẹ ṣe dákẹ́. Kò sí àsè tí ìyàwó rẹ̀ kò bá ti sè fún ẹni tó bá lè fi wákàtí méjì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí i nílé. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Nínú koríko, ìyá ológbò náà ń pè pẹ̀lú ohùn kékeré kan bíi ti ẹni tó ń ha ọ̀fun. Ọ̀gá ní “Yéè,” ṣùgbọ́n inú ikùn ló sọ ọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kékeré kan yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀, èékánná rẹ̀ wọ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Orí kan tẹ̀ lé e, etí méjì, ojú méjì tó ń wo òjò bí ẹni pé wọ́n purọ́ fún un nípa ayé. Ọmọ ológbò náà gun ẹ̀yìn ọrùn Ọ̀gá, ó rin ẹ̀yìn rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó fi èékánná ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ títí ó fi rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Ọkùnrin náà kò mí. Ọmọ náà bọ́ sórí àkàbà, ó já bọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó sáré wọ koríko.

Ìyá Alámì dúró títí koríko kò fi mì mọ́. Ó fi ara bo ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ òjò, ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde, lórí ẹsẹ̀ ara wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti parí nìyẹn,” ni Fóòmàn wí. “Ṣé kí n lọ gbé ẹ̀rọ wá báyìí, kí n gé igi náà, ká lè yọ ọ́?”

“Igi kẹ̀?” Ìyá Alámì yọ ọ̀bẹ kékeré tó fi ń ṣí agolo ọ̀dà nínú àpò, ó nà án sí i. “Kí ni igi ṣe? Fìlà ni kó o gé.”